Pòròpẹ́là Tó Wà ní Búùtù

Bí a ṣe kírun àsùbáà tán ni èmi àti ìyá mi kúrò ní Ìkirè. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ṣoṣo tó kù láyé, Ìyá Ìkòyí, là ń lọ rí. Ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wá mú un lọ sí Àbújá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ òun pátápátá. Etí ìyá náà kò gbọ́ fóònù mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, àfi kó jókòó tì í, kó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìyá mi ti dín dòdò sílẹ̀ fún un. Ó wé e sínú ewé, ó gbé e lé ẹsẹ̀ bí ọmọ tuntun.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ọkọ̀ mi, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ mi wà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àtijọ́ ti kú, mo sì fi alágbára onísílíńdà mẹ́fà rọ́pò rẹ̀. Pòròpẹ́là ni irin gbọọrọ abẹ́ ọkọ̀ tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà ẹ̀yìn. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tín-ínrín. Ẹ́ńjìnnì tuntun á lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ. Mo ra èyí tó nípọn ní Ìbàdàn, mo gbé e fún Wàsíù, mẹkáníìkì mi. Ẹ wá wo ohun tó ṣe. Ó ní èyí tí mo rà gùn jù, ó jù ú sí búùtù. Èyí tín-ínrín kò gùn dé ìdí ẹ́ńjìnnì tuntun, ó fi páìpù lé e, ó jó o pọ̀. Kò gbé e sórí ẹ̀rọ kó yí i wò bóyá ó tọ́. Ojú lásán ló fi wọ̀n ọ́n. Nígbà tí mo ní ọkọ̀ ń gbọ̀n, ó ní ara rẹ̀ á balẹ̀ tó bá yá. Irin wo lara rẹ̀ ń balẹ̀?

Ọ̀nà Àpòmù, tí a ó gbà kọjá sí Ìkòyí, kò jìn. Gbogbo ìgbà tí mo bá tẹná, ìjókòó á máa gbọ̀n. Ìyá mi bi mí bóyá inú kòtò la wà. Mo ní rárá, ojú ọ̀nà dán níbí. Ó ku díẹ̀ ká wọ Àpòmù, nǹkan dún gbì lábẹ́ wa. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò lọ. Páìpù Wàsíù ti já.

Ọkọ̀ akóyanrìn kan fi okùn fà wá dé ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ṣàkírù tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, tó mọ̀ mí ní tísà Ìkirè. Bàbá wo abẹ́ ọkọ̀, ó mi orí.

"Ẹ̀yin ará Ìkirè, dòdò lẹ mọ̀ ọ́n dín. Ta ló ní kẹ́ ẹ dín pòròpẹ́là mọ́ ọn?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín. Mo ṣí búùtù, mo gbé èyí tó nípọn sílẹ̀. Bàbá wọ̀n ọ́n, ó ní òun á gé e, òun á jó o, òun á yí i lórí ẹ̀rọ, a ó sì lọ kí oòrùn tó mú. Ó wá bi mí pé ta ló kọ́kọ́ tú ọkọ̀ náà. Mo sọ fún un. Ó gbé téèpù rẹ̀ sílẹ̀.

"Wàsíù ò tíì yọ̀ǹda ẹ̀. Tísà, ẹgbẹ́ wa ò gbà á. Ẹ pè é, kó kàn sọ pé kí n ṣe é."

Òfin yìí wà ní Ìkirè náà, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ó le tó báyìí. Ẹni tó bá fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láìgbàṣẹ, wọn á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Aṣọ tí télọ̀ bà jẹ́, mo lè gbé e fún télọ̀ mìíràn. Ọkọ̀ nìkan ló jẹ́ pé ẹni tó bà á jẹ́ ló ni ín.

Fóònù Wàsíù kò wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ní ó wà níbi ìsọmọlórúkọ. Bàbá Ṣàkírù ṣe wá dáadáa, ó ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín fún ìyá mi, ó fún un ní àga tó ní tìmùtìmù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́, pòròpẹ́là tó yẹ sì nà gbọọrọ sílẹ̀ níwájú wa.

"Múfú, jẹ́ ká wọkọ̀ èrò," ni ìyá mi wí.

Mo ní Wàsíù á gbé fóònù láìpẹ́. Nígbà tó tún un sọ ni mo tó dìde. Ìbàdí rẹ̀ kò jẹ́ kó lè gun ọ̀kadà, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ èrò Ìkòyí kì í gbéra tí kò bá kún. Àwa la kọ́kọ́ wọlé. A jókòó síbẹ̀, à ń wo ẹnu ọ̀nà.

Àgádágodo la bá lẹ́nu ilẹ̀kùn ní Ìkòyí. Obìnrin tí ilé rẹ̀ kángun sí tibẹ̀ sọ fún wa pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Ìyá Ìkòyí jókòó sí látàárọ̀, tó kọjú sí títì. Ọmọ rẹ̀ ti dì í lẹ́rù tán, Ìyá ṣì ní kó dúró díẹ̀ sí i, àbúrò òun ń bọ̀. Ọmọ náà dúró títí, ó wá ní ilẹ̀ á ṣú bá àwọn lọ́nà. Ìyá mi fọwọ́ kan àgádágodo náà bí ẹni tó fẹ́ kí i. Lẹ́yìn náà ó gbé dòdò fún obìnrin náà.

"Ẹ bá wa jẹ ẹ́. Kò lè dé Àbújá."

Nígbà tí a padà dé Àpòmù, Bàbá Ṣàkírù ti tún ọkọ̀ ṣe tán. A ṣì jókòó nínú ọkọ̀ èrò ní gáréèjì, à ń dúró kó kún, nígbà tí Wàsíù pe Bàbá Ṣàkírù. Ohun tó sọ kò ju "Ẹ bá mi ṣe é" lọ. Gbólóhùn yẹn la fi gbogbo òwúrọ̀ wá.

Ọkọ̀ náà wá ń lọ bí ọkọ̀ ojú omi. Bí kọ́ọ̀pù omi bá wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kò ní í dà. Ohun tí ìrìn yìí kọ́ mi ni pé òótọ́ tí èèyàn mọ̀, tó sì gbé sí búùtù, kò yàtọ̀ sí èyí tí kò mọ̀ rárá. Mo ti pinnu pé màá gbé ẹjọ́ Wàsíù lọ bá ẹgbẹ́ wọn, títí kan páìpù yẹn. Kò sí èyí tó máa dá Ìyá Ìkòyí padà nínú gbogbo ẹ̀.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Ìkirè, ìyá mi kò tètè sọ̀ kalẹ̀.

"Kò gbọ̀n mọ́," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ó dáa. Ó ti lè gbé wa dé Ìkòyí wàyí."

Ó wá ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé lọ.