Òkúta Mẹ́jọ, Máìlì Méje

Sàláwù ga. Ohun tí àwọn ará Ọ̀fà kọ́kọ́ máa ń sọ nípa rẹ̀ nìyẹn. Ó ga, ó tín-ín-rín, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí òpó wáyà. Tó bá lóṣòó ti táyà, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí.

Fọkanáísà ni. Ó ń lẹ táyà, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ń pààrọ̀ rẹ̀. Iwájú tésàn rélùwéè ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, lábẹ́ igi máńgòrò, láti ọdún 1951. Abọ́ omi kan tó fi ń wá ibi tí tíúbù ti ń jò. Jáàkì méjì. Páńpù kan tí ọwọ́ ti dán lára rẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ bí awakọ̀ bá fẹ́ lọ jẹun, ọ̀dọ̀ Sàláwù ló ń fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí. Bí èrò ọkọ̀ ojú irin bá fẹ́ sáré mu omi, ẹ̀gbẹ́ Sàláwù ló ń gbé ẹrù sí. Ọdún mọ́kànlá. Abẹ́rẹ́ kò sọnù níbẹ̀ rí.

Ohun kan tún wà. Ohun tí kò bá yé Sàláwù máa ń há a lọ́fun bí egungun ẹja. Kò ní gbé e mì, kò ní pọ̀ ọ́ jáde.

Ọdún 1962 ni Lọ́yà Láńrewájú ti òkè òkun dé. Ọmọ Ọ̀fà ni, ìyá rẹ̀ ló ń gbé ní Ojoku. Ó gbé ọkọ̀ pupa kan bọ̀, oníjókòó méjì, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré ìje. Ó rẹlẹ̀ bí alángbá tó ń yá oòrùn. Ọkọ̀ náà dára. Kò dára fún ọ̀nà wa.

Ikùn rẹ̀ ń họ ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni páìpù èéfín rẹ̀ já bọ́ sójú ọ̀nà. Ìyá Lọ́yà wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun kò lè wọ ohun tí èèyàn ní láti dùbúlẹ̀ kó tó wọ̀. Ó ní ọjọ́ tí òun bá kú ni kí wọ́n tẹ́ òun sínú rẹ̀.

Lọ́yà gbé ọkọ̀ wá sábẹ́ igi máńgòrò.

"Bàbá Sherifat," ó ní, orúkọ ọmọ Sàláwù obìnrin ló fi pè é, "ẹ bá mi gbé e dìde."

"Ṣé ó ṣubú ni?"

"Ẹ fi táyà ńlá sí i. Kó ga díẹ̀, kí ìyá mi lè wọ̀ ọ́."

Sàláwù yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mẹta. Ó lọ sí Ìlọrin, ó rí ríìmù mẹ́rin lára ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tí kò ní rìn mọ́. Ihò nọ́ọ̀tì wọn bá ti Lọ́yà mu bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn. Táyà wọn tóbi. Àwọn tẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha mọ́gáàdì, ló bá fi òòlù tẹ etí mọ́gáàdì sókè díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú aṣọ lábẹ́ òòlù kí ọ̀dà má bàa ṣí. Ọjọ́ méjì gbáko. Nígbà tó yọ jáàkì, ọkọ̀ náà dúró bí ọmọ ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun ní ẹsẹ̀.

Lọ́yà ní kó ta àwọn táyà kékeré. Sàláwù kọ̀. Ohun olóhun ni, olóhun sì lè bèèrè lọ́la. Ó kó wọn relé, ó tò wọ́n sábẹ́ ibùsùn. Asiata, ìyàwó rẹ̀, ní yàrá ń rùn.

Ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá Lọ́yà wọ ọkọ̀. Wọ́n ní ó tilẹ̀ ń juwọ́ sí àwọn èèyàn lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ òkúta.

Òkúta máìlì, àwọn funfun tí ìjọba rì sẹ́bàá ọ̀nà. Láti ẹnu ìlú dé ibi tí Lọ́yà ti ń yà sí oko bàbá rẹ̀, mẹ́jọ ni wọ́n. Aago máìlì kan wà níwájú ọkọ̀, tó ń ka máìlì tí ọkọ̀ rìn àti eré tó ń sá. Tẹ́lẹ̀, tí Lọ́yà bá dé ìyànà yẹn, aago á ní mẹ́jọ. Báyìí, ó ní méje. Ó lọ, méje. Ó bọ̀, méje.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló dé iwájú tésàn. Ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Kánò ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, àwọn èrò ń na owó láti ojú fèrèsé sí Àdìkẹ́ tó ń ta ànàmọ́ sísè.

"Aago ọkọ̀ mi dà?"

"Aago wo, Lọ́yà? Ṣebí òun ló wà níbẹ̀ yẹn."

"Ayédèrú lèyí. Ojúlówó dà? Ìwọ nìkan lo fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí."

Ìwọ. Sàláwù gbọ́ ọ dáadáa. Ẹni tó lè bí Lọ́yà.

"N kò débẹ̀. Táyà ni mo ṣe."

"Ṣé táyà ló wá ń jẹ máìlì?"

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan yọ orí lójú fèrèsé, ànàmọ́ kún ẹnu rẹ̀. "Ẹ wo bí bàbá yìí ṣe gùn! Kò sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní dé!" Òmíràn pariwo pé, "Olè aago!" Fèrè dún. Ọkọ̀ ojú irin gbéra, ó gbé ẹ̀rín náà lọ.

Lọ́yà fún un di ọjọ́ Jímọ̀. Kí aago padà, tàbí kí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, awakọ̀ kan fẹ́ lọ jẹun. Ó wo Sàláwù. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Ìyẹn ló dùn ún ju ọlọ́pàá lọ.

Àbí mo fọwọ́ kàn án ni? Ó bi ara rẹ̀. Àbí òòlù ló gbọ̀n ọ́n láti ẹ̀yìn? Àbí ìjọba ló hú òkúta, tó tún un rì? Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ wò ó. Koríko ti bo ìdí òkúta, kò sẹ́ni tó mì ín. Òkúta kò parọ́. Aago kò mọ ẹni tó lè parọ́ fún. Òun náà kò jalè. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta òótọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gba orí ẹní kan.

Ọjọ́rú, òun àti Asiata ń lọ kí aláìsàn kan. Asiata kúrú. Ó ń sá tẹ̀lé e.

"Bàbá Sherifat, ẹ rọra! Ìṣísẹ̀ yín kan, méjì ni tèmi."

"A óò ṣáà jọ débẹ̀."

"Ẹ̀yin rìn débẹ̀. Ẹ ka ìṣísẹ̀ tèmi wò, ẹ óò ní Ìlọrin ni mo lọ."

Sàláwù dúró sáàárín ọ̀nà.

"Kí ló dé?"

"Tún un wí."

"Mo ní kí ẹ rọra."

"Kì í ṣe ìyẹn."

Sàláwù wolẹ̀. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Níkẹyìn ó ní, "Ìyá Sherifat, yá mi ní tẹ̀sùbáà rẹ. Èyí tí hóró rẹ̀ jẹ́ ọgọ́rùn-ún."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi ka táyà."

"Áà! Ohun tí mo fi ń pe Ọlọ́run?"

"Ọlọ́run náà mọ̀ pé n kò jalè."

"Kò yé mi o."

"Kò tíì yé èmi náà."

Asiata gbà, ṣùgbọ́n ó ní ọwọ́ òun ni yóò wà. Gírísì ti pọ̀ jù lọ́wọ́ ọkọ òun.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Lọ́yà dé abẹ́ igi máńgòrò, kò rí aago. Ó rí Sàláwù, ó rí Asiata pẹ̀lú tẹ̀sùbáà, ó gbọ́ pé ọmọlanke ti kó àwọn táyà kékeré ṣíwájú lọ sí ìdí òkúta kejì.

"Kí lèyí?"

"Ẹ̀rí ni iṣẹ́ yín, Lọ́yà. Ẹ wá wo ẹ̀rí."

Ní òkúta àkọ́kọ́, Sàláwù fi ẹfun fa ìlà sára táyà ẹ̀yìn. Asiata wọ ọkọ̀, ó jókòó ti Lọ́yà. "Ẹ máa wà á bí ẹni tó ń sìnkú," Sàláwù ní. Òun ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó tẹ̀ kọdọrọ. Nígbàkúùgbà tí ìlà ẹfun bá kan ilẹ̀, á ní, "Ó kàn!" Asiata á fa hóró kan.

Ó kàn. Ó kàn. Ó kàn.

Oníkẹ̀kẹ́ kan ń kọjá. "Ẹ kú ìdárò o! Ta ló kú?"

"Aago ni!" Asiata dá a lóhùn. Ó ṣi hóró kan fà, ó dá a padà.

Nígbà tí wọ́n dé òkúta kejì, tẹ̀sùbáà ti yí po lẹ́ẹ̀meje, ó lé díẹ̀. Aago ní kò tíì pé máìlì kan.

Wọ́n pààrọ̀ táyà níbẹ̀. Lọ́yà bọ́ kóòtù, ó ń gba nọ́ọ̀tì mú. Ọkọ̀ padà di alángbá. Wọ́n bá ọ̀nà kan náà padà, òkúta kan náà sí òkúta kan náà. Ó kàn. Ó kàn. Ọ̀nà ọ̀fun Sàláwù gbẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń ro ó.

Ẹ̀ẹ̀mejọ, ó lé díẹ̀. Aago ní máìlì kan géérégé.

Lọ́yà bọ́ sílẹ̀. Ó lóṣòó ti táyà. Ó fi ìka kan ìlà ẹfun.

"Kò mọ ọ̀nà," Sàláwù ní, jẹ́jẹ́. "Ìyípo táyà ló ń kà. Wọ́n kọ́ ọ pé ìyípo báyìí-báyìí, máìlì kan. Táyà ńlá kì í yí tó bẹ́ẹ̀ kó tó débẹ̀."

Bó ṣe ń sọ ọ́ ló tún ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Aago tó kà á dáadáa, tó sì tún ṣì í kà. Kí ni wọ́n ń pe irú ìyẹn?

Nǹkan mìíràn wá sọ sí i lọ́kàn. "Lọ́yà, ọgọ́ta máìlì ní wákàtí kan tí ẹ ní ẹ̀ ń sá ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí a fi táyà ńlá sí i, ṣé aago yìí náà ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Òun ni."

"Ó ti ju ọgọ́ta lọ nígbà náà. Ó tó máìlì mẹ́jọ tó fi lé."

Lọ́yà jókòó sórí òkúta máìlì. "Ìyá mi wà nínú ọkọ̀."

"Ṣé ìgbà tí wọ́n ní ó ń juwọ́?" Asiata bèèrè. "Ìyá yẹn kò juwọ́. Ó ń ké sí aráyé ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà Lọ́yà dọ̀bálẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù funfun, sínú eruku. "Ẹ má bínú, bàbá mi."

"Ẹ dìde. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti sọ ọ́ ni kí ẹ ti kó o jẹ."

Wọ́n lọ sí tésàn. Lọ́yà dúró sí ojú ibi tó dúró sí ní ọjọ́ Ajé. Ó gbé ohùn sókè bí ẹni tó wà ní kọ́ọ̀tù: Sàláwù kò jí ohunkóhun. Aago pé. Òun lòun kò mọ̀.

Àdìkẹ́ àti alágbàrù méjì ló wà níbẹ̀. "Ta ló sọ pé ó jalè?" ni alágbàrù kan bèèrè. Àdìkẹ́ ní òun kò gbà á gbọ́ rí, bẹ́ẹ̀ ó ń tẹjú mọ́ ànàmọ́ rẹ̀.

Sàláwù wo ojú irin. Ó ṣófo. Ó gùn lọ títí kò fi sí mọ́. Àwọn tó rẹ́rìn-ín ti sọ̀ ní Jẹ́bbà, ní Mínà, ní Kánò. Olè aago kan wà ní Ọ̀fà, ó gùn gan-an. Wọ́n á ti sọ ọ́ nílé. Ta ni yóò lọ kó ìyẹn jẹ?

"Kí n lọ bá wọn ni?" Lọ́yà ní.

Sàláwù rò ó tọkàntọkàn. Ó padà sábẹ́ igi máńgòrò.

Wọ́n dá táyà ńlá padà sára ọkọ̀, nítorí Ìyá Lọ́yà. Àwọn awakọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kọ́kọ́rọ́ wá. Síbẹ̀, nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ Kánò bá wọlé, Sàláwù á fi iṣẹ́ sílẹ̀, á lọ dúró nítòsí fèrèsé, gbọọrọ. Kò mọ ojú tó ń wá. Kò mọ ohun tí yóò wí bó bá rí i.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ gbẹ, àpótí lọ́wọ́. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó rí Sàláwù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di èyí mú. Mo fẹ́ sáré mu omi."

Ṣé ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́sí? Àbí àjèjì tí òùngbẹ kàn ń gbẹ ni? Sàláwù wo ojú rẹ̀ títí. Kò mọ̀ ọ́n.

Ó gba àpótí náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kò sì gbé e sílẹ̀ títí ọkùnrin náà fi padà dé.