Ìrọ̀rí Oiva

Láti oṣù kẹwàá ni Oiva Tiihonen ti ń sùn sórí àga gbọọrọ inú ilé ìdáná. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ló wà láàárín ibẹ̀ àti yàrá òkè tí òun àti Hilkka ìyàwó rẹ̀ ti jọ ń sùn fún ọdún mọ́kànlélógójì, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún kò sì gbà kó gun ju méjì lọ mọ́. Lọ́jọ́ tó kó aṣọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó fi ìrọ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ lókè. Ó ní ẹni tó ń padà bọ̀ kì í kó ẹrù tán.

Dókítà ti là á mọ́lẹ̀ fún un pé ọgọ́fà kílò tó wọ̀n ti wúwo jù fún orúnkún tuntun. Bó bá dé àádọ́fà kí oṣù kejì tó parí, wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ láti pààrọ̀ orúnkún náà. Bí kò bá dé e, ẹ̀yìn ìlà àwọn tó ń dúró ni yóò padà sí.

Oiva kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọgbọ̀n ọdún ló fi gé igi nínú igbó Kuhmo. Ó mú ọ̀pá ìrìn méjì, ó ń rìn létí adágún lójoojúmọ́, kílò mẹ́rin sì lọ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n lópin oṣù kọkànlá, òjò kan rọ̀, òtútù ká a mọ́lẹ̀, gbogbo ọ̀nà sì dì, ó ń dán bíi dígí. Aládùúgbò wọn kan ṣubú, ó kán ní ìbàdí. Hilkka gba ọ̀pá méjèèjì, ó kó wọn sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ó wá ku kíkó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bí yìnyín bá ti bọ́, Oiva á mú ṣọ́bìrì. Àfi bí oṣù kìíní ṣe dé tí ojú ọ̀run mọ́ gaara, tí òtútù le débi pé irun imú ń dì, tí yìnyín kò sì bọ́ mọ́. Oiva bá ń kó òkìtì ti tẹ́lẹ̀ láti ọ̀tún lọ sí òsì.

"Oiva, kí ni yìnyín yẹn fi ṣe ọ́?" Hilkka ké láti ojú fèrèsé. "Ṣebí ọ̀tún ló wà lánàá!"

"Eré ìdárayá ni mò ń ṣe."

"Yìnyín ọ̀hún náà ń ṣe é. Òun ló sì máa kọ́kọ́ rù."

Ní ọ̀sán Sátidé, lẹ́yìn tó bá ti jókòó pẹ́ nínú ooru sauna, yàrá gbígbóná tí wọ́n ti ń làágùn, Oiva á gun òṣùwọ̀n tó wà ní yàrá àbáwọlé rẹ̀, bí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe, á sì fi pẹ́ńsù kọ iye rẹ̀ sára òpó. Ní Sátidé tó gbẹ̀yìn kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n nílé ìwòsàn, àádọ́fà géérégé ló rí. Ó kígbe ayọ̀. Hilkka gun òkè lọ, ó pààrọ̀ aṣọ ibùsùn.

Ní ọjọ́ Ajé tó gbẹ̀yìn oṣù kejì, Oiva lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Sanni, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ló wọ̀n ọ́n. Mẹ́tàléláàádọ́fà.

"Ọmọ mi, òṣùwọ̀n yín ti bàjẹ́."

"Bàbá Oiva, kò sí ohun tó ṣe é. Ìgbà wo lẹ máa ń wọn ara yín nílé?"

"Lẹ́yìn sauna ni. Ìgbà wo lèèyàn tún ń wọn ara rẹ̀?"

Sanni rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá mi ń ṣe. Ẹ mà ń làágùn kí ẹ tó gùn ún. Kí lẹ mu lẹ́yìn rẹ̀?"

"Bíà mẹ́ta. Òùngbẹ ń gbẹ mí."

"Omi ló lọ lára yín, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ ti dá gbogbo rẹ̀ padà nìyẹn."

"O ò lè kọ àádọ́fà yẹn sílẹ̀ fún mi?"

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Ẹ dákun."

Bó ti délé ni yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, yìnyín tó fi gbogbo oṣù kìíní tọrọ. Ó mú ṣọ́bìrì. Nígbà tó gbé e lẹ́ẹ̀kẹrin, orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Hilkka jáde wá, ó gba ṣọ́bìrì náà, ó sì ń kó yìnyín lọ nígbà tí Oiva di òpó ilẹ̀kùn mú.

Nígbà tí Hilkka wọlé, ó gun òkè lọ. Oiva ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń kà á: mẹ́rìnlá. Ó tún ka mẹ́rìnlá bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀. Ìrọ̀rí rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ Hilkka, nínú àpò ìrọ̀rí funfun tí ó pààrọ̀ ní Sátidé. Ó gbé e sórí àga, ó lọ gbé omi kọfí kaná.

Oiva fẹ́ sọ pé kó dá a padà sókè. Ó wo ojú àtẹ̀gùn, ó sì jókòó ti ìrọ̀rí náà.