Orúkọ Tó Wà Nínú Ìwé Ogun Bọ́mà

Omi eérú ń kán sínú ìkòkò, ìyá àgbà sì ní kí n tún ìwé náà kà. Mo tún un kà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ti ń kà á lọ: àwọn kò rí ọmọ ogun kankan láti Ọ̀yọ́ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ìyá àgbà ti ìka bọ omi eérú, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó tutọ́.

"Kò tíì le tó," ni ó wí. "Ká mú sùúrù fún un."

Ọṣẹ dúdú ni iṣẹ́ rẹ̀. Àgbàlá ilé wa, tí kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán, kì í yé rùn fún àdín àti èèpo kòkó tí a sun. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1980 ni mò ń sọ yìí, mo ti wà ní girama, èmi sì ni akọ̀wé rẹ̀. Èsì ìwé kẹta nìyẹn tí a kọ sí ọ́fíìsì tó ń tọ́jú orúkọ àwọn tó lọ jagun fún àwọn òyìnbó.

Bàbá àgbà, ọkọ rẹ̀, bá wọn lọ sí Bọ́mà nígbà tí ìyá àgbà lóyún ìyá mi. Kò padà. Ẹnì kan tó dé sọ pé àwọn jọ wọ ọkọ̀ ojú omi ni. Kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá àgbà kò ṣe opó, nítorí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé ó kú. Kò sì fẹ́ ọkọ mìíràn, nítorí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé ó kọ òun sílẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyáálé wa, ọkọ yín ti fẹ́ ará Bọ́mà," ni wọ́n máa ń wí. "Ó ti bímọ onírun gígùn."

Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín tán, ó wá bi mí pé, "Ọkọ mi, bí ẹnì kan bá sá lọ ńkọ́, ṣé wọ́n máa ń kọ ìyẹn náà sílẹ̀?"

Nígbà ọyẹ́ ọdún náà, ó gbé ọṣẹ lọ sí Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì bá a lọ. Ó ní oníbàárà kan níbẹ̀, bàbá arúgbó kan, Hausa, tó ń tún bàtà ṣe. Òórùn awọ gba gbogbo ìsọ̀ rẹ̀. Bàbá náà dìde láti mú ìjókòó fún wa, a sì rí i pé ó ń tiro. Ìyá àgbà béèrè ohun tó ṣe ẹsẹ̀.

"Bọ́mà ni," ni ó wí, bí ẹni sọ pé ẹ̀gún ni.

Ìyá àgbà gbé igbá ọṣẹ kalẹ̀, ó jókòó, ó sọ ohun gbogbo fún un.

"Ibo ló ti wọ iṣẹ́ sójà?" ni bàbá náà bi í.

"Níbí náà ni. Iṣẹ́ káfíńtà ló wá ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́."

"Kí lẹ wá kọ sínú ìwé yín?"

"Ọ̀yọ́," ni mo dáhùn. "Ọmọ Ọ̀yọ́ ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Wàláì, ẹ ò ní í rí i. Sójà kì í jẹ́ orúkọ bàbá. Wọ́n á kọ orúkọ rẹ, wọ́n á fi orúkọ ìlú tì í. Akọ̀wé tó gbà wá kò sì bi wá ní ibi tí wọ́n bí wa sí; ibi tó bá ti bá ọ ló máa kọ. Sókótó ni wọ́n bí mi, Ìbàdàn ni mo ti wọlé. Títí dòní, lọ́dọ̀ wọn, ará Ìbàdàn ni mí. Bẹ́ẹ̀ mi ò ní yàrá kan níbẹ̀."

A délé, àbúrò bàbá àgbà, tí í ṣe baálé ilé wa, kọ̀ jálẹ̀. "Ẹ fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi? Ojú wo la ó fi máa kọjá níwájú ààfin?"

Ìyá àgbà ń ro ọṣẹ rẹ̀ lọ. "Baálé, bó bá jẹ́ ará ọ̀run ni wọ́n kọ ọ́ sí, ọ̀run ni n ó kọ̀wé sí." Ó kọjú sí mi. "Mú bíírò."

Oṣù méje ni a fi dúró. Kò kánjú. Ó ti kọ́ mi pé bí ènìyàn bá da omi púpọ̀ lé eérú kí ó lè tètè kán, omi lásán ni yóò rí gbà.

Ìwé dé. Bàbá àgbà kú ní ọdún kejì tó lọ. Àìsàn ló pa á ní ọsibítù àwọn sójà ní Bọ́mà. Sàréè rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà lára òkúta, Ògbómọ̀ṣọ́ sì tẹ̀ lé e. Wọ́n fi ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ fún un lọ́jọ́ tó wọṣẹ́ sínú àpòòwé. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tí wọ́n máa fi tó létí bí nǹkan bá ṣe é, orúkọ ìyá àgbà ló wà níbẹ̀. Òun nìkan. Wọ́n tilẹ̀ ti kọ̀wé ikú náà sí i nígbà náà, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Ìwé náà padà.

"Fi hàn mí," ni ó wí.

Kò mọ̀wé. Mo mú ìka rẹ̀ tí eérú ti sọ di dúdú, mo gbé e lé orúkọ náà. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ́.

"Èmi rèé?"

"Ẹ̀yin ni, ìyá."

Ní ọjọ́ kejì, ó ní òun máa ṣe opó. Àfáà àdúgbò wá, ó ṣàlàyé jẹ́jẹ́ pé ikú náà ti lé ní ogójì ọdún, opó kò sí lọ́rùn rẹ̀ mọ́.

"Mo gbọ́, Àfáà," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n àná ni wọ́n túfọ̀ rẹ̀ fún mi."

Àfáà ṣe àdúà, ó lọ. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni ìyá àgbà fi jókòó nínú ilé, a sì da ìkòkò ọṣẹ rẹ̀ dojú bolẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń gbé oúnjẹ wọlé fún un. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ará Bọ́mà mọ́.

Ìyàwó mi kú ní ọdún tó kọjá. Dókítà sọ ọjọ́ àti wákàtí fún mi, mo sì mọ ibi tí a sin ín sí. Ohun tí ìyá àgbà fi ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wá, mo gbà á láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo máa ń rántí ìyẹn bí mo bá fẹ́ ráhùn.

Ní oṣù tó lọ, mo lọ yẹ ojú mi wò, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ àdírẹ́sì. Níbi ẹni tí wọ́n máa fi tó létí, mo ti kọ orúkọ ìyàwó mi tán kí n tó rántí. Nọ́ọ̀sì nawọ́, ó ń dúró. Mi ò fagi lé e. Mo kọ orúkọ ọmọ wa sí abẹ́ rẹ̀, mo sì dá fọ́ọ̀mù náà padà.