Lọ́yà Ará Jámánì àti Ọ̀gá Ilé-Ìlagi

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, lọ́yà kékeré ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Iṣẹ́ wa ni pé kí òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ má baà di alágbe. Ibẹ̀ ni wọ́n mú ará Jámánì kan wá bá wa, lọ́yà àgbà tó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí irú iṣẹ́ yìí nílùú wọn. Wọ́n ní kí n máa mú un kiri.

Ara fu mí. Kí ni ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ní Jámánì ń wá lọ́dọ̀ wa? Ìbéèrè rẹ̀ sì pọ̀ jù.

Mo mú un lọ sí Ìjẹ̀bú-Imùṣin, sílé ọkùnrin kan tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́ ní ilé-ìlagi. Ọ̀gá rẹ̀ ní ọtí ló mu yó. Ìyàwó ọkùnrin náà kò fi ìjókòó lọ òyìnbó.

"Bọ̀dá lọ́yà, ẹ bá mi bi í," ó kọjú sí mi, "kí ló fẹ́ fi ọwọ́ ọkọ mi ṣe?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ará Jámánì ní òun kàn fẹ́ mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni. Obìnrin náà pòṣé.

Láti ibẹ̀, a kọjá sí ilé-ìlagi. Ọ̀gá, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, yọ̀ mọ́ ọn, ó gbé bíà tútù kalẹ̀, ó mú un wọ yàrá. Èmi, wọ́n ní kí n dúró níta. Mo ń wò wọ́n lójú fèrèsé: wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọ̀gá ń gbá a léjìká. Mo ní nínú ara mi pé ó parí, wọ́n ti rà á.

Lọ́jọ́ tí a gbọ́ ẹjọ́ náà ní ọ́fíìsì wa, ọ̀gá tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọtí. Ará Jámánì nawọ́.

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi ní yàrá yín pé ẹ yọ irin tó bo eyín ayùn kúrò kí iṣẹ́ lè yá."

Ọ̀gá wò yíká bí ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ lọ́jà. "Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ nìyẹn!"

"Mi ò sọ pé ọ̀rẹ́ yín ni mí."

A dá òṣìṣẹ́ náà láre. Oṣooṣù ló ń gba owó ìtọ́jú láti ìgbà náà. Ìyàwó rẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò wo ọ̀dọ̀ òyìnbó.

Inú mi dùn, n kò purọ́. Síbẹ̀, bí ará Jámánì bá pè mí wá jẹun nílé rẹ̀, mo máa ń ro ọ̀rọ̀ kí n tó sọ ọ́. Nígbà tó ń padà lọ sílùú rẹ̀, ó bi mí bóyá màá máa kọ̀wé sí òun.

Mo ní, "A ó máa wò ó, sà."