Ọjọ́ Tí Dáraọlá Porúkọ Àbúrò Ọkọ Rẹ̀

Ọdún kọkànlá rèé tí Dáraọlá ti ń pe Akíntọ́lá, àbúrò ọkọ rẹ̀, ní Akọ̀wé. Nígbà tó wọlé ọkọ ní Ìkẹ́rẹ́, ọmọ ogún ọdún ni Akíntọ́lá, báírò kì í kúrò ní àpò àyà rẹ̀. Ìyàwó kì í porúkọ ẹni tó bá nínú ilé, ìbáà jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí lánàá. Akọ̀wé ló bá a mu, Akọ̀wé náà ló ń jẹ́.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Akọ̀wé ti Èkó dé pẹ̀lú ọ̀kadà kan àti ẹnu tí kì í sinmi. Abíọ́lá, ọkọ Dáraọlá, ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ìparí oṣù ló ń wálé. Dáraọlá ń kọ́ni ní Igbara-Odò. Ìdájí ló ń wọkọ̀, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé. Akíntọ́lá á ti jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Tíṣà dé. Ṣé ọ̀run ti fi èrè ẹ ránṣẹ́?"

Á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á kọjá. Kò sọ fún Abíọ́lá rí. Bí ọkọ rẹ̀ bá gbọ́, ilé á pín sí méjì, ìyá kan náà ló sì bí wọn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Dáraọlá ló kọ́ kíláàsì àwọn ìyá ní ìwé Òwe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òmùgọ̀ kò ṣòro mọ̀: ìbínú rẹ̀ kì í dúró di ọ̀la, ìmọ̀ràn kì í wọ̀ ọ́ létí, ẹnu rẹ̀ ló ń bá a wá ìjà. Ẹni tó bá sì dá a lóhùn lọ́nà tirẹ̀, òmùgọ̀ ti di méjì. Fadékẹ́mi, ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà, nawọ́.

"Tíṣà, tí òmùgọ̀ ọ̀hún bá ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú èèyàn ńkọ́?"

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Dáraọlá ní kí wọ́n ṣáà máa kọjá lára rẹ̀. Ó yá a lẹ́nu láti sọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ ló fi rìn wọ ìlú. Kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin tó fà ní kànga lánàá ti gbẹ. Ọ̀kadà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ń dán ní ojúde. Nígbà tó béèrè, Akíntọ́lá ní omi ilé baba òun ni, kí tíṣà bẹ ọ̀run kó rọ̀jò.

"Akíntọ́lá, òmùgọ̀ ni ẹ́."

Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ìyá Adébímpé, ìyáálé tó ń gé ẹ̀fọ́ nítòsí, dá ọ̀bẹ dúró. Kì í ṣe èébú ló bà á lẹ́rù. Orúkọ ni.

Ní Sátidé, ẹbí jókòó. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan omi. Bàbá Oyèkọ́lá, olórí ẹbí, ní bí kò bá kúnlẹ̀ bẹ àbúrò ọkọ rẹ̀, àwọn á pe Abíọ́lá wálé.

"Ìyàwó kì í porúkọ ọmọ ilé yìí. Ṣé àwa la ó wá kọ́ tíṣà?"

Dáraọlá ní ẹjọ́ lẹ́nu, ẹjọ́ tó dára. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà á dé Ìbàdàn. Ó sì mọ̀ pé ní Ọjọ́bọ̀, òmùgọ̀ méjì ló wà ní ojúde. Ó kúnlẹ̀.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ṣi ẹnu lò."

Ó ku kí Akíntọ́lá ní kó dìde. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ.

"Kó tún un sọ, kó gbóhùn sókè. Ṣebí ó ń pariwo lé àwọn ọmọ lórí ní iléèwé."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Èsì kan wà lẹ́nu Dáraọlá, ó ti ń pọ́n ọn láti ọdún mẹ́ta. Ó gbé e mì. Orúnkún ń dùn ún.

Ìyá Adébímpé ló fà á dìde. Bàbá Oyèkọ́lá tẹjú mọ́ Akíntọ́lá, ó pẹ́ kó tó yíjú kúrò.

"Dáraọlá, kí ló máa ń sọ fún ẹ nínú ilé yìí? Rò ó."

Gbogbo wọn ń dúró dè é. Ó mọ̀ pé tí òun bá bẹ̀rẹ̀, òun kò ní lè dúró.

"Omi ni, Bàbá. Kí wọ́n máa béèrè kí wọ́n tó bù ú. Ó tán."

Ó tọrọ ààyè, ó wọlé, ó dùbúlẹ̀ láìbọ́ aṣọ. Akíntọ́lá ṣì ń rojọ́ níta, ó ń bú ilé, ó ń bú iléèwé. Ohùn rẹ̀ nìkan ló ń dún.