Ojú Bàbá Mi Tí Wọ́n Ṣí ní Ìlọ́fà

Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe ní Ọ̀bọ-Ayégúnlẹ̀, ṣùgbọ́n Ìdòfin ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ sì ni bàbá àti màmá mi ń gbé. Ní ọjọ́ Sátidé kan tí mo lọ kí wọn, mo bá bàbá mi níwájú ilé, wọ́n ń ṣe àlùwàlá. Omi ń dà láti ẹnu kẹ́tùlù, ọwọ́ wọn kejì sì wà lọ́tọ̀, kò sí lábẹ́ omi. Wọ́n ń fi ọwọ́ náà wá omi kiri títí omi fi bà á. Mo dúró tì wọ́n. Ìgbà tí mo wúkọ́ ni wọ́n tó yíjú.

"Ṣé tíṣà mi ló dé?"

Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo wo ojú wọn dáadáa. Nǹkan funfun ti bo ẹyinjú méjèèjì, bí omi ògì. Màmá mi fà mí sẹ́yìn ilé.

"Ó ti tó ọdún méjì. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ẹ."

Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Iṣu wọn ni wọ́n fi rán mi níwèé, ebè wọn sì máa ń tọ́ tó jẹ́ pé àwọn àgbẹ̀ mìíràn a máa yà wò ó. Wọ́n wá di ẹni tó ń jókòó láti àárọ̀ di alẹ́. Ohun tí gbogbo àgbà ìlú ń sọ ni bàbá mi náà sọ fún mi: "Ojú àgbà ni. Ẹni tó bá pẹ́ láyé, ojú rẹ̀ á rẹ̀ ẹ́."

Ilé ìwòsàn kékeré kan wà nílùú wa, yàrá méjì péré ni. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìlú wa, kò sì dàgbà jù mí lọ, ṣùgbọ́n kò sí agbo ilé tí kò mọ̀. Òun ló ń wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru màmá mi. Nígbà tó dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bẹ̀ ẹ́ kó wo bàbá mi náà. Ó tan iná fóònù rẹ̀ sí wọn lójú.

"Bàbá, ojú yín kò fọ́ o. Nǹkan ló bò ó, wọ́n sì lè yọ ọ́. Àwọn dókítà ojú ń bọ̀ wá sí Ìlọ́fà lóṣù tó ń bọ̀."

"Kí ni wọ́n máa fi yọ ọ́?"

"Iṣẹ́ abẹ ni, bàbá."

"Abẹ? Nínú ojú mi? Rárá o. Ẹ ṣeun."

Inú bí mi, mo fẹ́ máa bá wọn jà. Nọ́ọ̀sì fi ojú dá mi dúró. Ó fa àpótí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

"Bàbá, kí ló dùn yín jù nínú ọ̀rọ̀ ojú yìí?"

Wọ́n rọra dáhùn. N kò tíì gbọ́ ohùn bàbá mi kó lọ sílẹ̀ báyẹn rí.

"Kí èèyàn kí mi, kí n máa wá ẹni tó jẹ́ nínú ohùn rẹ̀. Mo máa ń fẹ́ mọ ẹni tó ń bọ̀ kó tó lanu."

"Ẹ jẹ́ ká lọ nígbà náà," ni nọ́ọ̀sì sọ. Ó ní òun pẹ̀lú yóò bá wa lọ. Bàbá mi gbà.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, mo gba ààyè níléèwé, a wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlọ́fà. Àwọn àgbà ti kún abẹ́ tẹ́ǹtì fọ́fọ́, àwọn kan láti Ọ̀sì, àwọn kan láti abúlé tí n kò mọ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n pe bàbá mi, mo dìde láti mú wọn lọ́wọ́. Wọ́n gba ọwọ́ wọn padà.

"Jókòó. Kí n dá wọlé."

Wọ́n rọra fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀, wọ́n gbé àyà síwájú, wọ́n wọlé. 

Ojú kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n tú báńdéèjì, bàbá mi ṣẹ́jú, wọ́n ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nọ́ọ̀sì ló wà níwájú wọn, kò sì sọ̀rọ̀.

"Ìwọ ni nọ́ọ̀sì! Ọmọdé báyìí?"

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n wò mí pẹ́.

"Tíṣà mi, o ti hu ewú. Ìgbà wo lo hu ewú?"

 Mo ti ń sunkún.

Nígbà tí a délé, màmá mi ti wọ aṣọ wọn tó dára jù. Bàbá mi wò wọ́n látòkè délẹ̀, wọ́n wo ilé, wọ́n ní, "O ò yí padà. Ògiri yìí ló ti bàjẹ́." Màmá mi ń rẹ́rìn-ín títí tí wọn ò fi lè ro ọkà.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Nígbà tí mo tún padà délé, n kò bá bàbá mi. Màmá mi ní wọ́n ti bá nọ́ọ̀sì gun ọ̀kadà lọ sí oko. Kì í ṣe oko tiwọn o. Àwọn abúlé ni wọ́n ń kiri. Bí wọ́n bá dé ilé ẹni tí ojú rẹ̀ ti bò, nọ́ọ̀sì a dúró sẹ́yìn, bàbá mi a sún mọ́ onítọ̀hún.

"Èmi náà bẹ̀rù. Ó dùn mí díẹ̀, kò pa mí. Dìde."

Títí dé Ọ̀bọ-Ilé ni wọ́n dé. Nígbà tí àwọn dókítà tún padà wá, bọ́ọ̀sì kan kún láti Ìdòfin, bàbá mi ló sì jókòó síwájú. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó bọ́ sí i fún. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n sọ fún pé ojú rẹ̀ ti kọjá àtúnṣe. Bàbá mi bá a jókòó ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n sì ń lọ sílé rẹ̀ títí di òní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí dá mi dúró lọ́jà Ọ̀bọ-Ayégúnlẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú. "Ṣé ìwọ lọmọ bàbá tó mú ìyá mi lọ sí Ìlọ́fà?"

Mo ní, "Èmi ni, mà." Mo sì gbé orí mi sókè bí mo ṣe ń sọ ọ́.