Ìyàwó Tí Kò Gbọdọ̀ Pe Orúkọ Wa

Èmi ni mo kọ òfin náà, mi ò níí purọ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni mí ní ìdálẹ̀, ní Treichville, nígbà yẹn. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń ṣe, àmọ́ òfin kíkọ ló ń dùn mọ́ mi. Ohun tó fà á ni pé ọkùnrin kan nínú wa lọ sínú ìwé orúkọ ẹgbẹ́, ó fi abẹ ha ọdún ìbí rẹ̀, ó sì di àgbà lọ́sàn-án gangan. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ń pín ẹran, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún. Inú bí mi gan-an, torí pé èmi ló sọ di àbúrò.

Ni mo bá ní ká ti ìwé orúkọ àti òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin, ní pálọ̀ alága. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, òun nìkan ni yóò sì máa ṣí ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí ẹgbẹ́ jẹ́rìí òun, olùtọ́jú yóò pe orúkọ rẹ̀ sókè lójú ìgbìmọ̀, bó ṣe wà nínú ìwé, onítọ̀hún yóò jẹ́, ká tó kọ ohunkóhun. Bí a bá fẹ́ yí òfin padà, olùtọ́jú yóò pe gbogbo ìgbìmọ̀ lórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé pàápàá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìwé. A tẹ̀ka sí i, a fi Bíbélì àti Kùránì búra.

Ta la wá fún ní kọ́kọ́rọ́? Ìyàwó alága. Porto-Novo ló ti kàwé, ó gbọ́ Faransé, kì í sì í ṣe ọmọ ìlú wa, kò lè bá ẹnikẹ́ni du ipò àgbà. A pàtẹ́wọ́ fún ara wa. Agbo ilé kan ṣoṣo ni gbogbo wa ti wá, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó rántí pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ.

Oṣù méjì kọjá. Ní àárọ̀ vendredi kan, ọjọ́ Ẹtì, àbúrò bàbá mi, ìyá àgbà tó ń ta obì ní Anyama, gbé ẹrù rẹ̀ dé pálọ̀ alága. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń ṣàìsàn nílé, àìsàn náà sì le. Mọ́tò yóò gbéra ní gáréèjì Adjamé ní àárọ̀ samedi, ọjọ́ kejì. Òjò ti ba ìwé ìrìnnà rẹ̀ jẹ́, búrò ìjọba kò sì ní ṣe òmíràn fún un láìsí lẹ́tà ẹgbẹ́. Mídì, aago méjìlá ọ̀sán, ni wọ́n ń tilẹ̀kùn.

Ìgbìmọ̀ pé jọ. Ìyàwó ṣí ìwé, ó rí ojú ewé tí orúkọ ìyá wà, ó kúnlẹ̀.

"Pè é," ni mo wí.

"Akọ̀wé mi, ẹ má bínú. Ọkọ mi ni wọ́n."

"Ìyẹn nílé. Ẹgbẹ́ nibí."

"Ilé náà ló di ẹgbẹ́, sà."

Mo ní ó dáa, kó pe ìgbìmọ̀ ká yí òfin padà. Ó bẹ̀rẹ̀: "Akọ̀wé. Adúmáadán. Afínjú. Ọkọ Kékeré." Orúkọ tó fún wa nìyẹn, kò sí ọ̀kan nínú ìwé. Ọkùnrin tó ha ọjọ́ orí rẹ̀ ni Ọkọ Kékeré. Ó yarí pé òun kò ní jẹ́ ẹ, òun kì í ṣe kékeré ẹnikẹ́ni. Mo na ọwọ́ sí ìwé, gbogbo wọn pariwo pé mo ti búra. Alága ní òun kò lè rán ìyàwó òun kó rí ilé bàbá òun fín.

Aago mọ́kànlá kọjá. Ìyá àgbà, tó ti jókòó lé ẹrù rẹ̀ láti àárọ̀, sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́. "Ìyàwó, èmi ni ọkọ rẹ tó dàgbà jù níbí. Mo yọ̀ǹda tèmi fún ọ. Pè mí."

Ìyàwó dojú bolẹ̀, ó pe orúkọ náà pẹ̀lú oríkì rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ nìyẹn. Ìyá Olóbì ni mo ń pè é láti kékeré mi. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ẹ, òfin ni," mo gbójú sókè, mo rí i pé omijé ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi yẹn nìkan ló kù tó ń pè mí bẹ́ẹ̀," ló wí. Lẹ́yìn náà ló jẹ́ ẹ.

A bá búrò, ó bá mọ́tò, àmọ́ kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ti sin ín kó tó dé.

Nígbà tó padà, àwa náà yọ̀ǹda orúkọ wa, ìyàwó pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan, a yí òfin náà padà, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyàwó. Síbẹ̀, ìgbàkúùgbà tí ìyá bá ti Anyama wá, kì í yà sọ́dọ̀ mi mọ́. Ẹ̀yìnkùlé alága ló ń gbà lọ bá ìyàwó nídìí ààrò, yóò fa àpótí kan, yóò jókòó, yóò ní, "Mo ti dé. Pè mí."